Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ará Ring Road n'Íbàdàn tó fẹ́ wọ bàálù

Pápákọ̀ òfurufú Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní Alákìá ò jìnnà sí wa. Àmọ́ bó bá jẹ́ òkè òkun lẹ ń lọ, pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà l'Ékòó ló kù. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ilé tí èrò ti ń wọkọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan: wọ́n ṣí ti àkọ́kọ́ fún òkè òkun ní 1979, wọ́n ṣí tuntun ní oṣù Kẹta 2022. Ilé mìíràn níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MM2, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, ti ìrìnàjò abẹ́lé nìyẹn. Ẹni tó bá ṣìlé á sáré, báàgì lórí, òógùn lójú. Ẹ yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ márosẹ̀ Èkó ò mọ̀ pé bàálù ń lọ o. Ẹ tètè jáde.