Ọbẹ̀ Tí Kò Béèrè Ẹran

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí èmi àti Alájà dé Ọjà Ọba. Ìyá onílé mi ni Alájà. Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, Ìlọrin ló dàgbà sí, ìṣojú rẹ̀ sì ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà nítòsí ààfin Ẹ́míà ní 1981. Ó gbé ike onídérí kan lé mi lọ́wọ́.

“Wàrà la máa kọ́kọ́ rà. Tí oòrùn bá ti mú, kíkan ló máa kan.”

Àwọn obìnrin Fúlàní tó ń tà á ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, abọ́ ńláńlá níwájú wọn, wàrà ń léfòó nínú omi tó dà bí omi ògì. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé ojú apẹ̀rẹ̀ kékeré tí wọ́n fi sẹ́ ẹ ṣì hàn lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn sùn lórí ẹní tí ẹní sì kọ ọ́ lára. Alájà fi ìka tẹ ọ̀kan, ó jù ú padà. Ó tẹ òmíràn. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló tó gbà.

Ewé bọmubọmu ló ń mú wàrà yìí dì. Wọ́n á gún un, wọ́n á fún omi rẹ̀ sínú mílíìkì màlúù tó ń gbóná lórí iná. Nílẹ̀ Yúróòpù, inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n ti ń mú ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ṣíìsì wọn, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kì í jẹ ẹran níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ara páálí kó tó sanwó. Ewé ni tiwa. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ń pe irú wàrà yìí ní wàgáṣì, wọ́n sì máa ń fi pòpòrò ọkà bàbà sè é kó lè pupa. Bí ti màlúù bá wọ́n lójú ẹni, bẹ́skè wà, ìyẹn wàrà sóyà dídín. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe lè fi sóyà se oúnjẹ ilé. Lónìí, ọmọ Ìlọrin wo ló máa gbà pé àlejò ni bẹ́skè?

Ọdún kẹta rèé tí mo ti fi ẹran sílẹ̀. Dókítà kọ́ ló ní kí n fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ́, ó kàn sú mi ni. Ẹnu tèmi ò yọ mí lẹ́nu, ẹnu aráyé ló pọ̀. Ní bùkà kan, mo ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ fún mi láìsí ẹran. Pọ̀nmọ́ mẹ́ta ni mo bá nínú abọ́. “Ẹ ò ṣáà ní ẹ ò jẹ pọ̀nmọ́,” olóúnjẹ ló wí bẹ́ẹ̀, inú sì ń bí i. Àwọn mìíràn máa ń ṣàánú mi: ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ lásán, owó ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìpatà láti ra ata àti ẹ̀fọ́. (Ọjà tí orúkọ rẹ̀ jọ ti alápatà, ibẹ̀ ni èmi ń lọ ra ṣọkọ!) Ẹlẹ́fọ̀ọ́ tá a bá níbẹ̀ ń lọ ọ̀bẹ lára òkúta tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó da omi sí i, ó tún lọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn ní ìlú yìí ṣe gba orúkọ: ìlọ-irin. Òkúta tí wọ́n ní àwọn ará àtijọ́ fi ń lọ irin ṣì wà ní Ìdí-Àpé.

Nígbà tá a délé, Alájà gbé ìṣaasùn rẹ̀ kaná. Òkèlele ló ti rà á, lọ́wọ́ àwọn obìnrin amọ̀kòkò. Tí wọ́n bá yọ ìkòkò nínú iná, kó tó tutù, omi tí wọ́n fi èèpo irú sè ni wọ́n máa ń wọ́n sí i lára kó lè dúdú kó sì dán. Mo ń wò ó bó ṣe ń da irú wooro sínú ìkòkò ọ̀hún: èèpo lára, hóró nínú, igi kan náà.

Ẹ̀wà tá a ti bó sílẹ̀ lálẹ́ àná ti rọ̀ pátápátá lórí iná. Ó gba ìjábẹ̀, ó ń yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì títí ẹ̀wà fi di omi, gbẹ̀gìrì sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó pùtù-pùtù. Ó da ata àti epo sí i. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbi agolo edé. Mo húkọ́.

“Edé náà?”

“Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

“Ọ̀rọ̀ tìẹ yìí mà ga o.” Ó dé agolo náà padà, ó fi irú kún irú. “Ta ló tiẹ̀ ń rí ẹran jẹ lójoojúmọ́ nígbà tí a wà lọ́mọdé? Ọjọ́ Iléyá la máa ń jẹ ẹ́ tí á fi sú wa. Ọjọ́ tó kù, ọbẹ̀ lúrú ni, gbẹ̀gìrì ni, èkuru ni. A ò sì mọ̀ pé ìyà la ń jẹ.”

Èmi ni mo fi ìjábẹ̀ gún ewédú, èmi náà ni mo dín wàrà. Mo gé e, mo fi iyọ̀ àti ata pa á. Omi tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ń ta pàrà-pàrà nínú epo, etí rẹ̀ ń pọ́n, àárín ṣì funfun. Mo bu ọ̀kan jẹ kó tó tutù, ó sì ké fín-ín lábẹ́ eyín mi. Àwọn ọmọ ilé ti gbọ́ òórùn, wọ́n ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń wá bọ́ọ̀lù.

Ọmọ Alájà ọkùnrin dé láti ibi iṣẹ́ ní ọ̀sán. Ọkà gbígbóná ló bá, gbẹ̀gìrì lápá kan, ewédú lápá kejì, ata dídín láàárín. Ó fọwọ́ wá inú abọ́ yíká.

“Yèyé, ẹran dà?”

“Ó wà ní Ìpatà.”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó sì mú wàrà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tíì jẹ ẹ́ tán tí Alájà ti wọn ẹ̀wà mìíràn sínú omi, ó tì í sí ọ̀dọ̀ mi.

“Èkuru la máa jẹ lọ́la. Ìwọ lo máa bó o.”