Níbo ni Ológbò ti Rí Àwọ̀ Rẹ̀?

Bí ológbò bá bímọ ní ilé kan ní Mowe, tàbí ní Ibafo, tàbí ní Ìfọ̀, àwọn ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ sáré lọ wò wọ́n. Wọn a rí ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí àwọ̀ wọn kò bá ara wọn mu: ọ̀kan a ní ìlà lára, ọ̀kan a pupa rúsúrúsú, ọ̀kan a sì dúdú bí èédú. Àwọn ọmọdé a máa yọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà míràn a fajúro nítorí ti dúdú náà, pàápàá bí ìyá rẹ̀ kò bá dúdú. “Níbo ni eléyìí ti wá?” ni wọn a bèèrè, láti inú ìbéèrè yìí ni ọ̀rọ̀ àjẹ́ sì ti ńbẹ̀rẹ̀. A lè tìtorí rẹ̀ gbé ọmọ ológbò jù sínú igbó, kí a sì máa fi ojú burúkú wo ìyá arúgbó tí ó ni ín. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a dáhùn ìbéèrè náà dáradára.

Àwọn ológbò ilé wa kì í ṣe irú èyí tí a ńsìn ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, tí a ńyan akọ fún abo. Mowe àti Ibafo wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, Ìfọ̀ sì wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Èrò láti ibi gbogbo ni ó ńṣí wá máa gbé ibẹ̀. Bí àwọn ènìyàn ti dàpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ológbò wọn dàpọ̀. Àní, àwọn ọmọ tí abo kan bí lẹ́ẹ̀kan náà lè ní baba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní 2007 àwọn onímọ̀ fi hàn pé ìran ológbò igbó ti Àríwá Áfíríkà àti ti àwọn ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn tí ó súnmọ́ ọn ni gbogbo ológbò ilé ní ayé. Ológbò igbó náà ní ìlà lára. Àwọ̀ onílà ni àwọ̀ àtijọ́. Nípa ti ìlà yìí, olúkúlùkù ológbò gba ogún méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ baba, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá jẹ́ ti onílà, ìlà a hàn, ti dúdú a sì farapamọ́. Ìgbà tí ọmọ bá gba ogún dúdú lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ni gbogbo ara rẹ̀ tó lè dúdú. Bí baba onílà àti ìyá onílà bá fi dúdú pamọ́ sínú, a lè retí dúdú kan nínú ọmọ mẹ́rin. Kò sí ẹni tí ó pààrọ̀ ọmọ náà. Àwọn baba wa ti wí pé inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ńjáde. Ẹni tí ó bá sì ńpa ológbò dúdú kí àwọ̀ náà lè parun ńṣe làálàá lásán, nítorí àwọn onílà tí ó dá sí ni yóò tún bí i.

Ti pupa ní ọ̀nà tirẹ̀. Okùn tín-ín-rín kan wà nínú ara, tí a ńpè ní X, tí ńgbé ogún láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Abo ní X méjì. Akọ ní ẹyọ kan, èyí tí ó gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Lórí X yìí ni pupa wà. Nítorí náà akọ a pupa tàbí kí ó má pupa. Ṣùgbọ́n abo lè gba X pupa lọ́wọ́ òbí kan, kí ó gba èyí tí kò ní pupa lọ́wọ́ èkejì. Ní 1961, Mary Lyon, obìnrin onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé pé láti inú oyún ni ara abo ti ńpa ọ̀kan nínú X méjèèjì lẹ́nu mọ́, ọ̀kan níhìn-ín, èkejì lọ́hùn-ún. Níbi tí X pupa bá ti ńsọ̀rọ̀, irun a pupa. Níbi tí èkejì bá ti ńsọ̀rọ̀, irun a dúdú. Ìdí nìyí tí ológbò adíkálà dúdú àti pupa fi fẹ́rẹ̀ máa jẹ́ abo nígbà gbogbo. Ní 2025 àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Kyushu ní ilẹ̀ Japan àti ti Stanford ní Amẹ́ríkà kéde pé kínkín kan tí ó sọnù lórí X ni ó ńmú pupa náà wá.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ẹyinjú. Nígbà tí ọmọ ológbò bá kọ́kọ́ lajú, ẹyinjú rẹ̀ a jẹ́ àyìnrín, bí aṣọ tí a rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí méje ni àwọ̀ tòótọ́ ti ńyọ: àwọ̀ ewé, tàbí ti ìyeyè, tàbí ti idẹ. Iná tí a sì ńrí lójú rẹ̀ lóru kì í ṣe iná àjẹ́: ohun dídán kan wà lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀ bíi dígí, tí ńdá ìmọ́lẹ̀ fìtílà wa padà. Ojú ewúrẹ́ àti ti màlúù ńtàn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, a kò sì pè wọ́n ní àjẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a kíyèsí. Ológbò tí gbogbo ara rẹ̀ funfun, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ àyìnrín títí di àgbà, a máa yadi létí nígbà púpọ̀. Charles Darwin ti mẹ́nu kan èyí nínú ìwé rẹ̀ ní 1859. Ohun tí ńpèsè àwọ̀, tí kò dé ara irun, kò dé inú etí pẹ̀lú, níbi tí ó ti wúlò fún gbígbọ́ràn. Ẹ má ṣe na irú ológbò bẹ́ẹ̀ pé ó kọ etí dídi sí yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ó máa rìn lójú ọ̀nà ọkọ̀, nítorí kì yóò gbọ́ fèrè.

Ní agbègbè Mowe ni ìlú Ọ̀fàdà wà, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìrẹsì tí gbogbo wa mọ̀. Eku tí ó wọ inú àká ìrẹsì kì í bèèrè àwọ̀ ológbò kí ó tó sá. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ dúdú bá wà nínú àwọn tí ológbò yín bí, ẹ fún un ní oúnjẹ àti omi bí ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣàlàyé fún àwọn ọmọ yín ibi tí ó ti jogún àwọ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì fi ìyá arúgbó aládùúgbò yín sílẹ̀ ní àlàáfíà.