Obìnrin Tó Fi Iná Mànàmáná Ṣí Ìgò Kóòkì

Nínú ìpolówó Kóòkì tó gbòde ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1970 sí 1980, ẹ ó gbọ́ tí ìdérí ìgò já, tí ẹlẹ́rìndòdò ya sínú ife, tí ìfófòó rẹ̀ sì ń ta ṣáṣá. Kò sí ìgò níbẹ̀, kò sí ife, ẹnikẹ́ni kò sì da nǹkan kan. Suzanne Ciani ló fi synthesizer, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ìró, pilẹ̀ gbogbo rẹ̀. Wọn kì í dárúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìpolówó, ó sì dùn mí, nítorí kì í ṣe ẹlẹ́rọ tó ṣèèṣì yà sídìí orin. Olórin ni látilẹ̀, Bach àti Chopin ló sì tọ́ etí rẹ̀ dàgbà.

Ọdún 1946 ni wọ́n bí i, ìpínlẹ̀ Massachusetts ló sì ti dàgbà. Rẹ́kọ́ọ̀dù orin kíláásíkà wà nílé wọn, dùùrù sì wà níbẹ̀ tó fi ń wá ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Wellesley, wọ́n mú wọn lọ sí MIT, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti ń gbìyànjú láti mú kí kọ̀ǹpútà ké bíi fáyólìn. Ọkàn rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó jáde ní 1968, ó forí lé Berkeley ní California láti lọ kọ́ ìmọ̀ ìkọ̀wé-orin sí i.

Ọdún 1968 yẹn kan náà ni Wendy Carlos gbé Switched-On Bach jáde, níbi tó ti fi synthesizer ti Robert Moog, tó ní àtẹ bíi ti dùùrù, ta orin Bach. Àwo náà tà wàràwàrà. Èèyàn á rò pé ọ̀nà tí olólùfẹ́ Bach bíi Ciani yóò tọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Don Buchla ló gbà lọ, ọkùnrin tó ń ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀ ní Berkeley níbẹ̀. Ó tilẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀, ó ń yọ́ òjé lẹ wáyà mọ́ra.

Buchla kò fẹ́ àtẹ dúdú-funfun rárá. Lójú rẹ̀, ẹni tó bá ti gbọ́wọ́ lé àtẹ dùùrù, orin dùùrù náà ni yóò máa ta. Wáyà aláràbarà, kókó tí à ń yí, àti irin pẹlẹbẹ tí ìka ń kàn ló fi rọ́pò rẹ̀. Iná tó ń gba inú wáyà ló ń pàṣẹ: bó bá ga, ohùn á ga, bó bá relẹ̀, ohùn á relẹ̀. Ẹni tó bá ti rí onígángan bó ṣe ń fún ọsán, tí ohùn ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láìsí àlà láàárín, ti mọ ohun tí Buchla ń wá.

Níbẹ̀ ni mo ti rí Bach lára Ciani. Kò tún orin baba náà ta. Ohun tó mú lọ́dọ̀ rẹ̀ ni bí ohùn mẹ́ta mẹ́rin ṣe lè máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí olúkúlùkù mọ ọ̀nà tirẹ̀, tí kò sì sí èyí tó bo èkejì mọ́lẹ̀.

Òkun ni ìfẹ́ rẹ̀ kejì. Ẹ gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe ìgbì. Ariwo ṣìì tí rédíò ń pa nígbà tí kò mú ìkànnì kankan ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ohùn, tín-ín-rín àti kíkẹ̀, ló wà nínú rẹ̀ pọ̀. Wọ́n á gbé e gba asẹ́ kọjá, asẹ́ á dá àwọn tín-ín-rín dúró, ìyókù á sì dún bí omi lókèèrè. Bí iná mìíràn bá wá ń ṣí asẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, tó sì ń pa á dé díẹ̀díẹ̀, omi á wú, á ya lu etí òkun, á sì padà. Ẹ yára ṣí asẹ́ kan náà, kẹ́ ẹ sì yára pa á dé: gáàsì ń sá jáde lẹ́nu ìgò nìyẹn.

Ní 1974 ó kó lọ sí New York. Àwọn tó ń gbé àwo jáde nígbà náà fẹ́ kó kọrin lẹ́nu; obìnrin tó ń gbé àpótí oníwáyà kiri kò yé wọn. Ó wá yà sídìí ìpolówó. Billy Davis, ọ̀gá orin ní ilé iṣẹ́ ìpolówó McCann-Erickson, tó wà lára àwọn tó kọ orin Kóòkì tó lókìkí ní 1971, ló fún un láàyè. Owó tó ń rí nídìí iṣẹ́ ìpolówó ló fi ṣe àwo tirẹ̀, Seven Waves, tó kọ́kọ́ jáde ní Jàpáànù ní 1982. Orin méje ni, òkun ló so wọ́n pọ̀, ohùn orin tó ń fà lórí omi náà sì jẹ́ kí n gbà pé Chopin kò fi í sílẹ̀ rí.

Lẹ́yìn àìsàn jẹjẹrẹ, ó kó padà sí California ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, sí Bolinas létí òkun, dùùrù ló sì gbájú mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ó tún padà sídìí ẹ̀rọ Buchla. Ní 2016, ní San Francisco, spíkà mẹ́rin ló fi yí àwọn èèyàn ká, ìró ń gba ẹ̀yìn wọn bọ̀ síwájú, torí pé bẹ́ẹ̀ ni Buchla ṣe ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀ náà ni Ciani sì fẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ.