Kó tó di pé ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀: ohun tí ṣúgà ń fi ojú iṣan kíndìnrín rí
Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ fún alárùn kíndìnrín ti wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 lẹ́ẹ̀kan ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. LUTH ní Ìdí-Àràbà wà lára wọn, FMC Ẹ̀bútè-Mẹ́ta náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó yẹ kó fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló mọ bí ìyẹn ṣe tó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà ló fà á, ó ti tó ọ̀pọ̀ ọdún tí àrùn ti ń jẹ kíndìnrín lábẹ́lẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé ìdí ẹ̀rọ.

Ìdí iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ìdì iṣan tín-ín-rín tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú iṣan á bàjẹ́, kò ní lè pèsè nitric oxide tó ń mú kí iṣan dẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé (àbáwọlé) á là gbàgà, èyí tó ń gbé e jáde (àbájáde) á fún. Ẹ̀jẹ̀ á wá máa ti ara rẹ̀ láàárín méjèèjì, títí asẹ́ á fi lu, tí albumin, pùrótéènì tó yẹ kó dúró nínú ẹ̀jẹ̀, á máa bá ìtọ̀ lọ.

Lisinopril àti losartan, tí a mọ̀ sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, máa ń tú iṣan àbájáde yẹn sílẹ̀. (Aláboyún kò gbọdọ̀ lò wọ́n o.) Láti 1993 ni ìwádìí lórí captopril, ọmọ ìyá lisinopril, ti fi hàn pé irú oògùn yìí ń gbèjà kíndìnrín; ti losartan jáde ní 2001. Ní 2019, canagliflozin gba ọ̀nà kejì: ó ń da ṣúgà sínú ìtọ̀, ó sì ń fún iṣan àbáwọlé díẹ̀. Finerenone àti semaglutide ti tẹ̀lé e. Kò sí èyí tó ń tún asẹ́ tó ti lu ṣe. Wọ́n ń fa àrùn sẹ́yìn ni.

Lójú tèmi, àyẹ̀wò albumin inú ìtọ̀ ló yẹ kí a máa pariwo ju owó ẹ̀rọ lọ. Ọdọọdún ló yẹ kí onítọ̀ ṣúgà ṣe é, torí kí ìtọ̀ tó máa hó, kí ẹsẹ̀ tó wú, ilẹ̀ ti ṣú.

Ẹni tó ń yà ní kẹ́mísì ní Mushin ra ibuprofen tàbí diclofenac sí ẹ̀yìn ríro náà, ọ̀rọ̀ kàn án. Oògùn wọ̀nyí ń fún iṣan àbáwọlé pa. Bí lisinopril bá ti ṣí àbájáde, ẹ̀jẹ̀ kò ní lágbára tí asẹ́ á fi ṣiṣẹ́ mọ́, pàápàá bí onítọ̀hún bá tún ń lo oògùn tó ń mú kí èèyàn tọ̀, kíndìnrín sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan.