Ta Ni Ọ̀gá Nínú Àwọn Akànṣẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí àwọn ènìyàn kan ti ń jiyàn lórí rẹ̀ ní Àtàn-Ọ̀tà lọ́jọ́ kan, ẹ ó rò pé ilẹ̀ baba wọn ni wọ́n ń jà sí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Àtàn mọ oríta náà, níbi tí ọ̀nà Àgbárá ti yà kúrò lára ọ̀nà tí ó ti Ọ̀tà lọ sí Ìdíròkó. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ń lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ kì í dá níbẹ̀. Mo jókòó sábẹ́ ibòji ọkùnrin kan tí ń lẹ táyà, mo ń retí kí ó parí tèmi, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé ta ni ó ga jù nínú gbogbo àwọn akànṣẹ́ tí ilẹ̀ wa ti bí. Méjì nínú wọn ní kò sí ẹlòmíràn bí kò ṣe Anthony Joshua. Wọ́n ní ará Ṣágámù ni àwọn ènìyàn rẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín; wọ́n ní ó ga, ó sígbọnlẹ̀, ó lówó, gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n. Ẹnì kẹta, tí ó máa ń kó ẹrù dé Àkírà, ní kí wọ́n má gbàgbé Azumah Nelson ti Gánà. Bàbá arúgbó kan, tí òun náà ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rí, tẹ́tí sí wọn títí.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí," ni ó wí, "ṣé ẹ kò tíì gbọ́ nípa Dick Tiger ni?"

Ọ̀kan nínú wọn dá a lóhùn pé: "Bàbá, ẹ má bínú o, a gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Joshua bá gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo, ṣé yóò tún dìde?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọkùnrin náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Òun gan-an ni mo fẹ́ dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Akànṣẹ́ kì í kàn bọ́ sójú ìjà pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tí ó bá rí. Òṣùwọ̀n ni a ó kọ́kọ́ gbé e gùn. Ẹgbẹ́ kan wà fún àwọn tí kò ju pọ́n-ùn 126 lọ, àwọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wé ìyẹ́ ẹyẹ. Òmíràn wà fún 135, fún 147, fún 160, àti fún 175. Lókè pátápátá ni ẹgbẹ́ àwọn òmìrán wà, òun nìkan ni kò sì ní ìwọ̀n tí a ń pè ní òpin. Pọ́n-ùn 126 jẹ́ nǹkan bíi kílò 57. Ẹ̀yin tí ẹ ti ru sìmẹ́ńtì rí mọ̀ pé kílò 50 ni àpò kan. Nítorí náà, Hogan Bassey, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gbégbá orókè ní gbogbo ayé, kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì kan lọ. Joshua wọn pọ́n-ùn 240 nígbà tí ó bá Oleksandr Usyk jà ní 2021; ìyẹn ju àpò méjì lọ. Kò sí ẹni tí yóò fi àwọn méjèèjì sójú ìjà kan náà tí ọlọ́pàá kò ní mú.

Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ Ọ̀tà àti Àgbárá mọ òṣùwọ̀n ńlá tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gùn. A ó wọ̀n ọ́n ní òfìfo, a ó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹrù, a ó sì yọ èkíní kúrò nínú èkejì. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ó gbọ́n ẹ̀wẹ́ lè já díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀ kí ó tó dé orí òṣùwọ̀n, kí ó sì padà wá kó o bí wọ́n bá ti kọ ìwé fún un tán. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn akànṣẹ́ ń lò. Wọn kò ní mu omi, wọn yóò wọ aṣọ nínípọn sáré kí òógùn lè jáde lára wọn, títí wọn yóò fi wọ inú ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò mu, tí wọn yóò jẹ, tí ara wọn yóò sì tún wúwo. Nígbà ayé Bassey, òwúrọ̀ ọjọ́ ìjà gan-an ni wọ́n ń gun òṣùwọ̀n, àyè kò fi bẹ́ẹ̀ sí fún irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Lónìí, ọjọ́ tí ó ṣáájú ìjà ni, ẹni tí a sì pè ní 160 lálẹ́ àná lè ti ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa nígbà tí agogo bá dún.

Báwo wá ni a ó ṣe fi ẹni àpò kan wé ẹni àpò méjì? Àwọn akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà ti rí ọ̀nà kan sí i láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní kí á fojú inú wò ó pé gbogbo wọn wọ̀n dọ́gba, kí á wá béèrè ẹni tí yóò borí. Orúkọ tí ó gba ẹnu wọn jù ni ti Sugar Ray Robinson. Kò sí ẹni tí ó sọ pé Robinson lè na Joe Louis, òmìrán tí ó wà lórí oyè láti 1937 títí di 1949. Síbẹ̀, Robinson ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣáájú. Ó gba adé ẹgbẹ́ 147 ní 1946, ó gun òkè lọ sí ẹgbẹ́ 160, ó sì gba adé ibẹ̀ nígbà márùn-ún. Ní oṣù kẹfà 1952, ó tún gòkè lọ bá Joey Maxim ní ẹgbẹ́ 175 ní New York. Ooru ọjọ́ náà pọ̀ débi pé rẹfirí gan-an kò lè bá a dé òpin, wọ́n ní láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Robinson ti ṣáájú nínú ìwé àwọn adájọ́ kí ooru tó borí rẹ̀, kò sì lè jáde fún ráúndì kẹrìnlá. Ó pàdánù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjà náà wà lára ohun tí a fi ń yìn ín.

Ohun tí ó yẹ kí á máa wò nìyẹn. Akànṣẹ́ tí ó bá fi ìwọ̀n sílẹ̀ fún ọ̀tá rẹ̀ tí ó sì borí ti fi hàn wá pé kì í ṣe ara ni òun fi ń jà. Lẹ́yìn èyí ni kí á tó béèrè àwọn tí ó nà, bóyá wọ́n ṣì lágbára nígbà tí ó bá wọn, àti bí ó ti pẹ́ tó lórí oyè. Adé nìkan kò tó, nítorí adé ti pọ̀ jù. Ní ayé Bassey, ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni gbogbo ayé mọ̀ dáadáa, ọba kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lónìí ẹgbẹ́ ìwọ̀n ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àjọ mẹ́rin ni ó sì ń dé wọn ládé. Ẹ̀yin náà ẹ ro ìlú tí ọba mẹ́rin bá ń jẹ lẹ́ẹ̀kan náà wò.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á gbé tiwa gun òṣùwọ̀n. Ọmọ Calabar ni Bassey, Èkó ni ó ti di akànṣẹ́ olókìkí, Liverpool ni ó sì lọ nígbà tí ó kúrò nílé. Ní oṣù kẹfà 1957, ní Paris, ó dá Cherif Hamia dúró ní ráúndì kẹwàá, ó sì di ọba ẹgbẹ́ 126. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó na Ricardo Moreno ní Los Angeles ní ráúndì kẹta, tí ó sì tún dá Willie Pep dúró ní Boston. Àràbà ni Pep jẹ́ nínú ẹgbẹ́ náà, àmọ́ ó ti pé ọmọ ọdún 36 nígbà náà. A kò gbọdọ̀ fi ojú ẹni tí ó wà ní gbọ̀ngbọ̀n agbára wò ó. Davey Moore gba adé náà lọ́wọ́ Bassey ní 1959, ó sì tún nà án lẹ́ẹ̀kejì ní ọdún kan náà. Bassey fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀, ó di olùkọ́ àwọn akànṣẹ́ ilẹ̀ wa. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni Bassey rí. Ṣùgbọ́n inú ẹgbẹ́ kan náà ni ó ti gba adé, ibẹ̀ náà ni ó sì ti sọ ọ́ nù.

Ọ̀rọ̀ Dick Tiger gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Richard Ihetu ni orúkọ rẹ̀, Amaigbo ní ilẹ̀ Ìgbò ni a ti bí i ní 1929. Ní 1955 ó lọ sí Liverpool, ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ó sì jà níbẹ̀ ni ó pàdánù. Ẹlòmíràn ì bá ti wọkọ̀ padà sílé. Òun dúró. Ní 1958 ó gba adé ẹgbẹ́ 160 ti ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ Pat McAteer, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹwàá 1962, ní San Francisco, ó na Gene Fullmer fún ráúndì 15, ó sì di ọba ayé. Ní oṣù kejì 1963 wọ́n ta ọ̀mì ní Las Vegas.

Ìjà kẹta ni bàbá wa ti Àtàn kò lè gbàgbé. Ìbàdàn ni wọ́n ti jà á, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ 1963, ní pápá ìṣeré Liberty tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́, èyí tí a ń fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè lónìí. Kò sí ìjà adé ayé kankan tí a ti jà rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí ó tó di ọjọ́ náà. Bàbá ní òun fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ òun, òun sì rin ẹsẹ̀ wọ pápá. Nígbà tí ráúndì keje parí, ojú Fullmer ti ya, kò sì jáde fún ìkẹjọ. "Kì í ṣe pé ó ń sáré kiri," ni bàbá wí. "Ó kàn ń tẹ̀ síwájú ni, ó ń tẹ̀ síwájú, bí ẹni tí ń ti ọkọ̀ tí ó kú."

Joey Giardello gba adé náà lọ́wọ́ Tiger ní ìparí ọdún yẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí ó tó gbà láti bá a jà lẹ́ẹ̀kan sí i. Tiger gbà á padà ní 1965, Emile Griffith tún gbà á ní 1966. Tiger ti pé ọmọ ọdún 36. Níbí yìí ni ó ti ṣe ohun tí ó mú kí èmi fi í ṣe olórí. Kò sọ̀ kalẹ̀, kò sì jókòó sílé. Òkè ni ó gbà lọ. Ní oṣù kejìlá 1966 ó bá José Torres pàdé ní New York fún adé ẹgbẹ́ 175. Torres kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì wúwo jù ú lọ. Tiger nà án. Ní 1967 ó tún nà án, ó sì dá Roger Rouse dúró ní Las Vegas. Bob Foster ni ó wá gbé e ṣubú ní 1968, ọkùnrin gígùn kan tí Tiger ní láti gbójú sókè kí ó tó rí ojú rẹ̀. Ìgbà yẹn nìkan ni a ka iye lé Tiger lórí tán ní gbogbo ayé rẹ̀. Ní 1969, ó sì tún na Nino Benvenuti, ẹni tí ó jẹ́ ọba ẹgbẹ́ 160 ní ọjọ́ náà gan-an.

Ó ní ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ wa kò fi gbọ́ ìtàn yìí dáadáa. Nígbà ogun abẹ́lé, ọ̀dọ̀ Bìáfrà ni Tiger wà, ó sì dá oyè tí Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá a lọ́lá padà. Lẹ́yìn ogun, ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn wúwo láti dárúkọ rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní New York, kí àrùn jẹjẹrẹ tó mú un ní ẹ̀dọ̀. Ó padà wálé, ó sì kú ní Aba ní oṣù kejìlá 1971, ọmọ ọdún 42.

Èkejì tí mo mú ni Azumah Nelson, awakọ̀ tí ń ná Àkírà kò sì purọ́. Ní 1982, pẹ̀lú ìpè ọjọ́ díẹ̀ péré, ó gbé Salvador Sánchez dé ráúndì kẹẹ̀ẹ́dógún kí ó tó ṣubú. Ní 1984 ó dá Wilfredo Gómez dúró ní ìlú Gómez fúnra rẹ̀, ní San Juan, ó gba adé 126. Ní 1988 ó gba ti 130. Ó gòkè lọ sí 135 lọ bá Pernell Whitaker ní 1990, ṣùgbọ́n ìyẹn borí rẹ̀. Bí ó bá ṣe pé ó borí níbẹ̀ ni, Tiger ì bá bọ́ sílẹ̀ fún un. Bassey ni mo fi ṣe ẹ̀kẹta.

Joshua wá ńkọ́? Kí á ṣe é ní òótọ́: òmìrán kò ní òkè tí yóò gùn, nítorí náà ìdánwò tí Tiger yege kò sí fún un. Ó gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ́nù ní 2012, fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2017, ní Wembley, Wladimir Klitschko gbé e ṣubú ní ráúndì kẹfà. Ó dìde, ó sì dá Klitschko dúró ní ìkọkànlá. Ìjà gidi ni. Ṣùgbọ́n Klitschko ti pé ọmọ ọdún 41. Nígbà tí Usyk, tí ó ti ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ gòkè wá, bá a jà ní 2021, Usyk wọn pọ́n-ùn 221 sí 240 ti Joshua, ó sì nà án, ó tún nà án ní 2022. Ohun tí Tiger ṣe sí Torres ni Usyk ṣe sí Joshua. Ẹ̀kẹrin ni mo fi í sí, ọmọ ilé wa sì ni.

Mo sọ èyí fún wọn ní Àtàn. Ọmọkùnrin tí ó béèrè ìbéèrè dákẹ́ díẹ̀, ó wá kọjú sí bàbá náà.

"Bàbá, báwo ni ọkùnrin náà ṣe ga tó?"

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Dìde dúró ná," ni ó wí. Ọmọkùnrin náà dìde. "Kò ga jù ọ́ lọ."

Táyà mi ti di lílẹ̀, mo sanwó, mo sì wọ ọkọ̀. Nígbà tí mo ń yí sí ọ̀nà Ọ̀tà, ọmọkùnrin náà ṣì wà ní ìdúró, awakọ̀ tí ń ná Àkírà sì ti tún gbẹ́nu lé Azumah.