Òótọ́ àbí irọ́: kí ló dé tí àwọn Júù kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀?

"Nítorí àìsàn ni Ọlọ́run ṣe kà á léèwọ̀." Irọ́ tó gbajúmọ̀ jù nìyí, ó sì dùn ún gbọ́ létí. Maimonides, rábì (olùkọ́ òfin Júù) tó tún jẹ́ oníṣègùn ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, kọ ọ́ pé oúnjẹ èèwọ̀ kò ṣe ara lóore. Nígbà tó yá, Isaac Abarbanel, ọ̀mọ̀wé Júù mìíràn, ní rárá o: Òfin Mósè kì í ṣe ìwé ìṣègùn, àwọn tó ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ sì wà tí ara wọn le koko. Tirẹ̀ ni mo fara mọ́. Tó bá jẹ́ ti ìlera ni, ṣé wọn ò ní mẹ́nu ba ewé olóró kan ṣoṣo ni? Ìdí tí Lefitiku 11 fúnra rẹ̀ sọ ni ìwà mímọ́. Ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè kó tó fi òkèlè sẹ́nu kò ní gbàgbé ẹni tó ń sìn.

"Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni." Irọ́. Ẹran gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí pátákò rẹ̀ là, tó sì ń jẹ àpọ̀jẹ. Ẹja gbọ́dọ̀ ní lẹbẹ àti ìpẹ́. Àrọ̀, edé àti akàn ti já kúrò nìyẹn.

"Tó bá ṣáá ti jẹ́ màlúù, ó tó." Irọ́. Ẹni tó máa dúńbú rẹ̀ á fi èékánná tọ ẹnu ọ̀bẹ lọ, á tọ ọ́ bọ̀. Bí èékánná bá kọ́ níbì kan, ọ̀bẹ ọ̀hún kò ṣe é lò. Wọ́n á yẹ fùkù ẹran náà wò. Wọ́n á rẹ ẹran sómi fún ààbọ̀ wákàtí, wọ́n á fi iyọ̀ bò ó fún wákàtí kan kí ẹ̀jẹ̀ lè ro dànù (kì í ṣe iyọ̀ adùn ọbẹ̀ o), wọ́n á wá ṣàn án.

"Àdúrà rábì ló ń sọ oúnjẹ di kóṣà (èyí tó bá òfin oúnjẹ Júù mu)." Irọ́. Èròjà ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ní 1935, kí Tobias Geffen, rábì kan ní Atlanta, tó fọwọ́ sí Coca-Cola, wọ́n ní láti yọ gílísérìn ọ̀rá ẹran kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ti epo ewéko rọ́pò.

"Ẹran àti wàrà kì í pàdé." Òótọ́. Ìkòkò wọn gan-an yàtọ̀. Lẹ́yìn ẹran, ọ̀pọ̀ Júù tó ń pa òfin yìí mọ́ ń dúró fún wákàtí 6 kí wọ́n tó fẹnu kan wàrà.

"Júù á yàn láti kú dípò kó jẹ èèwọ̀." Àwọn kan kú bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ nígbà inúnibíni, nígbà tí ọba aláìgbàgbọ́ fẹ́ fipá mú wọn sẹ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n tí ebi bá fẹ́ pa ènìyàn lásán ńkọ́? Mishnah, àkójọ òfin àtẹnudẹ́nu àwọn Júù, ní kí wọ́n fún un jẹ, kódà kó jẹ́ ohun àìmọ́, títí ojú rẹ̀ yóò fi là.