Ẹ Ń Lọ Sétí Òkun Grand-Popo? Ẹ Kọ́kọ́ Wo Yẹ́lò Káàdì Yín

Ẹ̀yin òbí àti àgbà wa, bí ẹ bá ń gbèrò àtilọ sinmi ní Grand-Popo, ìlú etí òkun tó parọ́rọ́ ní Benin, nítòsí ẹnubodè Togo, ẹ má tíì di ẹrù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lára kí káàdì yín tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ má ra káàdì lásán lójú ọ̀nà o! Láti ọdún 2016, ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, káàdì rẹ̀ di ti títí ayé. Ẹni tó ti lé ní ọdún 60 tí kò gbà á rí, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Inú àpò ọwọ́ ni kó wà. Màmá kan tí mo tọ́jú fi tirẹ̀ sílẹ̀ nílé, ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti lo ọjọ́ kejì.

Òkun ibẹ̀ lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó máa ń fa ènìyàn lọ. Kí àwọn ọmọ ṣeré nínú iyanrìn, kí wọ́n má wọ omi. Ẹ̀yin náà, ẹ jókòó síbi ìbòòji, kì í ṣe abẹ́ àgbọn tó ti so! Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ńkọ́, ṣé ẹ ti dì í?